Ohùn Bàbá Ìmísí

Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni Fadérera ń lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, kí wọ́n lè sọ oògùn ìfètòsọ́mọbíbí tó wà lábẹ́ awọ apá rẹ̀ dọ̀tun. Òfin ò sì gbà kí nọ́ọ̀sì fọwọ́ kàn án láìjẹ́ pé ọkọ fohùn sí i. Bí ọkọ bá ti kú, ẹ̀rọ tó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ nígbà ayé rẹ̀ ni yóò sọ̀rọ̀. Ikú pàápàá ò gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọkùnrin mọ́.

Ó ti pé ọdún kan tí wọ́n sin Bàbá Ìmísí, ọkọ rẹ̀. Káńmi, tó fẹ́ fẹ́ Fadérera báyìí, ń dúró dè é lẹ́nu géètì ilé ìwòsàn. Fadérera kò tíì sọ ọ̀rọ̀ Káńmi fún ẹnikẹ́ni.

Nọ́ọ̀sì tẹ ẹ̀rọ.

"Àbẹ̀ní," ohùn ọkọ rẹ̀ fi oríkì pè é láti ara ògiri, jẹ́jẹ́, bí ìgbà tó bá ti ibi iṣẹ́ dé.

Ìyá Fadérera ti kìlọ̀ fún un pé bí òkú bá pè, a kì í dáhùn. Ṣùgbọ́n dókítà pẹ̀lú ti kìlọ̀ pé bó bá tún lóyún, yóò kú.

"Ẹ dá wọn lóhùn, Ìyá Ìmísí," ni nọ́ọ̀sì wí. "Èrò pọ̀ níta o."

"Hẹ̀n," ni Fadérera dáhùn.

"Mo gbà," ni ohùn náà wí.

Nọ́ọ̀sì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán, ó pa ẹ̀rọ, ó sì jáde lọ pe ẹlòmíràn. Fadérera ti di ilẹ̀kùn mú nígbà tí ògiri tún sọ̀rọ̀.

"Àbẹ̀ní, pe ẹni tó wà lẹ́nu géètì wọlé, kí èmi náà rí i."