Ìwọ̀n Sùrájù

Ọjọ́rú ni wọ́n máa ń wọn ọmọ ní ilé ìgbẹ̀bí tó wà ní Ìlọ́bù. Nímọ́tà àti ìyá ọkọ rẹ̀, Rísíkátù, fẹsẹ̀ rìn wá láti Ìfọ́n láàárọ̀ ọjọ́ náà, Nímọ́tà pọn Sùrájù. Ọmọ kan ṣoṣo tí ó ní nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì Stella gbé ọmọ náà sórí ìwọ̀n. Ogún pọ́n-ùn. Ó gbé e sílẹ̀ kó rìn. Sùrájù gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta, ó fìdí jókòó, ó sì rẹ́rìn-ín. Eyín mẹ́jọ ló wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ìgbà wo lẹ bí i?"

Nímọ́tà wolẹ̀. Rísíkátù, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ló dáhùn.

"Ọdún tí wọ́n kan páànù sí mọ́ṣáláṣí wa ni, nọ́ọ̀sì, iṣu tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi gbà á. Sùrájù la sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ, òun náà ló ṣì ń jẹ́. Ẹ wo ojú ẹ̀! Kì í ṣe àlejò nílé wa."

Nọ́ọ̀sì rántí ọdún tí wọ́n kan páànù náà, ó kọ 1953 sínú ìwé. Ó fi ìka ṣírò rẹ̀ dé 1956. Ó tún ọmọ náà wọ̀n, ogún pọ́n-ùn náà ni.

"Ọmọ ọdún mẹ́ta a máa tó ọgbọ̀n. Ó yẹ kí eléyìí ti máa sáré jíṣẹ́ fún yín. Kí ló ń jẹ?"

"Ẹ̀kọ, àkàrà, ẹyin nígbà mìíràn," ni Nímọ́tà wí. "Ó sì ń mu ọmú."

"Ọmú! Ọmọ ọdún mẹ́ta!"

"Ẹ má bá a wí o," Rísíkátù bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá ẹ̀ náà pẹ́ kó tó rìn. Lónìí, tó bá gun kẹ̀kẹ́ ẹ̀ kọrí sí Òṣogbo, ta ló lè bá a?"

Nọ́ọ̀sì kò rẹ́rìn-ín.

"Màmá, ọmọ yìí ò dàgbà tó bó ṣe yẹ. Ẹ já a lẹ́nu ọmú lónìí. Lọ́la, mọ́tò á gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan n'Ìbàdàn. Ó lè lò tó oṣù mẹ́ta."

"Ṣé mo lè bá a lọ?" Nímọ́tà béèrè.

"Wọn kì í gba ìyá síbẹ̀."

Nímọ́tà kúnlẹ̀. "Ẹ ṣàánú mi, nọ́ọ̀sì. Ẹ má jẹ́ kó tún kúrò lọ́wọ́ mi."

Nọ́ọ̀sì ti kálàmù bọ inú tàdáwà. "Ó ku ìbéèrè kan. Ṣé àìsàn líle ti ṣe é rí?"

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ni," Rísíkátù wí, inú rẹ̀ dùn láti jẹ́rìí ọmọ-ọmọ rẹ̀, "ibà ló pa á nígbà tó pé oṣù mẹ́jọ, a sin ín sẹ́yìn ilé, àmọ́ láti ìgbà tí Nímọ́tà ti tún un bí lésìí, orí ò fọ́ ọ rí."