Ìyá Inú Sítóòfù

Òfin ni pé sítóòfù ò gbọdọ̀ tàn láìkọ́kọ́ fi fíìmù ibi tí wọ́n ti wa gáàsì rẹ̀ hàn. Odò kan ni tiwa máa ń fi hàn láràárọ̀, epo ń dán lójú omi rẹ̀, iná gáàsì tí kì í kú sì ń jó lẹ́yìn abúlé. Ìyá àgbà kan á gbé àwọ̀n tí kò kó ẹja kankan sókè, á ní, "Ẹ káàárọ̀ o."

Akíntáyọ̀, ọkọ mi, kì í jẹ́ kí n pa ohùn ìyá náà. Á dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, á ní, "Ẹ káàárọ̀, Mà. Ẹ wá bá wa jẹun."

Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Láàárọ̀ yìí, ẹnì kan kanlẹ̀kùn. Ìyá yẹn ni, tòun ti báàgì kan ṣoṣo.

"Sítóòfù yín máa ń jíṣẹ́ yín fún mi," ó ní. "Ẹ̀yin nìkan lẹ ń pè mí jẹun. Ǹ bá ní á gba ibi ire, ṣùgbọ́n omi ti gbé ilé mi lọ."

Mo tan sítóòfù. Ilé rẹ̀ yọ nínú fíìmù bó ṣe wà kí omi tó gbé e lọ, ìyá náà sì sún mọ́ ọn.

Mo pa sítóòfù náà. Ẹ̀kọ tútù làwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ.