Wilmar àti Igi Igbó Inú Kọ́bọ́ọ̀dù

Yanela Techera ló kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún wa, ní ọjọ́ ọdún tuntun 2019, nígbà tí gbogbo ẹbí péjọ sí àgbàlá ilé wọn ní La Teja, ní Montevideo. Ọkọ rẹ̀, Wilmar, wà níbẹ̀, kò sì já a níyàn.

Wilmar kì í ṣe ènìyàn burúkú. Àléébù kan ló ní: kì í wo nǹkan kí ó tó sọ ohun tó ń ṣe é. Bí mọ́tò aládùúgbò bá wúkọ́, Wilmar á ti kígbe láti ojú fèrèsé pé púlọ́ọ̀gì ni. Bí ajá bá na ara rẹ̀ sínú oòrùn, á ní aràn ló ń dà á láàmú. Ó tilẹ̀ sọ fún obìnrin kan ní ilé búrẹ́dì pé ọkùnrin ni oyún inú rẹ̀. Obìnrin náà kò lóyún.

Ìyá Yanela, Doña Nibia, ló ni ilé tí wọ́n ń gbé. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì ń dùn ún, ìpara tó ń fi igbó, ewé tí àwọn kan ń fà bíi sìgá, ṣe nìkan ló sì ń jẹ́ kí ó lè gun òkè lọ sí ọjà ọjọ́ Àìkú. Ó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba bí òfin ilẹ̀ wọn ti wí, ó sì ń gbin tirẹ̀. Nígbà òtútù, inú kọ́bọ́ọ̀dù ọkọ rẹ̀ tó ti kú ló ń gbìn ín sí, lábẹ́ iná ńlá kan tó fi ẹ̀wọ̀n kọ́.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2018, àbúrò Doña Nibia ṣubú ní ìlú Salto, ó sì ní láti lọ tọ́jú rẹ̀. Igi igbó náà ṣì kéré. Ó pe ọkọ ọmọ rẹ̀.

"Wilmar, ṣé o rí ọmọ yìí? Bí mo bá dé tí mo bá a láàyè, ẹ̀mú ààrò di tìrẹ."

Ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má gba Wilmar mọ́. Ẹni tó bá ń fi ẹ̀mú yí ẹran lórí iná lọ́jọ́ Àìkú, òun ni olórí ilé. Láti ìgbà tí ọkọ Doña Nibia ti kú, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ẹ̀mú náà.

"Ẹ máa lọ, Màmá! Tẹ́ ẹ bá dé, àkàbà lẹ máa gùn kẹ́ ẹ tó rí orí ẹ̀."

"Mi ò bẹ̀ ọ́ ní àkàbà. Máa wò ó dáadáa ni."

Igi náà ṣe dáadáa, ó ń ga lọ sókè sí ibi tí iná wà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, etí àwọn ewé òkè pátápátá ká sókè, ṣóńṣó wọn sì pọ́n. Wilmar ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Kò tíì wò ó tán tó fi pàtẹ́wọ́.

"Ebi ni! Ebi ló ń pa á."

"Ewé ìsàlẹ̀ ńkọ́?" ni Yanela bi í. "Àwọn yẹn tutù yọ̀yọ̀. Ṣé orí nìkan lebi ń pa ni?"

"Ìwọ tí efinrin kú mọ́ lọ́wọ́, ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi?"

Gbogbo ará La Teja ló máa ń da pàǹtí máté, ewé tí wọ́n ń rẹ sínú omi gbígbóná mu, sí ìdí òdòdó wọn, nítorí náà Wilmar da tirẹ̀ sínú ìkòkò náà. Ó dà á láàárọ̀, ó dà á lálẹ́. Ewé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ orí kodò.

"Òùngbẹ!" ni Wilmar wí, ó sì gbé omi wá. Omi náà pọ̀ dé bi pé ó ṣàn wọ inú bàtà olóògbé.

Yanela gbé ìkòkò náà wò. "Ó wúwo bí àpò sìmẹ́ǹtì! Òùngbẹ wo?"

"Ó dáa, òtútù ni nígbà náà."

Ó gbé fúláàsìkì omi gbígbóná wá, ó jókòó síwájú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó mu igbá máté kan, ó bu èkejì sí ìdí igi náà. "Gbà, ọ̀rẹ́ mi. Kò sẹ́ni tó ń dá a mu." Láàárín àwọn tó ń mu máté, ẹni tó bá ti tó fún ló máa ń wí pé òun dúpẹ́. Igi náà kò dúpẹ́, Wilmar sì ń bu sí i títí fúláàsìkì fi gbẹ. Lẹ́yìn náà ó bọ́ ìborùn onírun àgùntàn rẹ̀, ó fi bò ó lórí, ó ti kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì lọ sọ ohun tó ń ṣe mọ́tò ẹlòmíràn.

Kò pẹ́ tí Yanela fi gbóòórùn irun tó ń jó. Ó sáré ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Ìborùn náà ti ń rú èéfín níbi tó sún mọ́ iná, etí rẹ̀ ti ká sókè, ó sì pọ́n bíi ti ewé gẹ́lẹ́. Ó pe ọkọ rẹ̀ wọlé, ó nà án sí i nímú.

"Wilmar, wò ó dáadáa. Ṣé ebi ń pa ìborùn náà ni?"

Wilmar wo ìborùn, ó wo ewé, ó wo iná. Igi ti dàgbà, iná kò kúrò níbi tó wà. Ká ní ó fa ẹ̀wọ̀n iná náà sókè díẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ ì bá ti parí. Àwọn méjèèjì fà á sókè wàyí, ṣùgbọ́n omi gbígbóná ti se gbòǹgbò. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, igi náà kú.

Nígbà tí Doña Nibia dé, ó na ọwọ́ sábẹ́ iná, ó gbé ìkòkò, ó gbóòórùn erùpẹ̀ inú rẹ̀.

"Ta ló fún un ní máté?"

Wilmar ń wo ilẹ̀. "Èmi ni, Màmá."

"Ṣé o fún un ní búrẹ́dì mọ́ ọn?"

Ìdájọ́ kò gùn. Ẹ̀mú bọ́ sọ́wọ́ Yanela. Wilmar ni yóò máa gé àlùbọ́sà, tí yóò sì máa fọ ààrò. Nítorí pé kò sí ìpara mọ́, èjìká rẹ̀ ni Doña Nibia yóò máa fara tì gun òkè lọ sí ọjà, títí igi mìíràn yóò fi dàgbà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, gbogbo àdúgbò sì jáde wá wò wọ́n. Ní ìdajì òkè, orúnkún Màmá dún kẹ́kẹ́.

"Màmá, mo mọ ohun tó ń ṣe orúnkún yẹn..."

"Ṣé o ti wò ó ni?"

"Rárá, Màmá."

"Pa ẹnu ẹ mọ́, ká máa gòkè."

Ó pa á mọ́. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018 ni.

Ẹ̀kọ́ tí ìtàn yìí kọ́ wa ni pé, ẹni tó bá ń tọ́jú ohun tí kò lè sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ fi ojú àti ọwọ́ bi í léèrè. Kí ó wo ibi tí àìsàn ti bẹ̀rẹ̀, bóyá òkè ni tàbí ìsàlẹ̀. Kí ó gbé ìkòkò wò kí ó tó bu omi. Kí ó yí ohun kan ṣoṣo padà, kí ó sì ní sùúrù. Àìsàn kékeré kò pa igi Wilmar. Ìtọ́jú tí kò ní àyẹ̀wò nínú ló pa á. Bí ìyàwó ẹni bá sì béèrè ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání, kí a dá a lóhùn, kí a fi ti efinrin sílẹ̀.