Lẹ́tà Tí Gbádégẹṣin Fi Pamọ́

Ní ìlú Ìkìrun, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Gbádégẹṣin. Èèyàn dáadáa ni, ẹ̀yin ọmọ mi, ṣùgbọ́n ó ní àléébù kan: ohun tó bá ti rò lọ́kàn ara rẹ̀, òun náà ni gbogbo ilé gbọ́dọ̀ rò. Ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ló fi se oúnjẹ fún àwọn ṣọ́jà òfurufú kó tó fẹ̀yìn tì. Kò wọ ọkọ̀ òfurufú rí, àmọ́ àìmọye awakọ̀ ogun ló ti bẹ́rí fún.

Mopélọlá, àkọ́bí rẹ̀, fẹ́ di awakọ̀ òfurufú. Inú bàbá dùn, àfi ìgbà tí ọmọ sọ pé ọkọ̀ èrò ló wu òun, kì í ṣe ti ogun.

"Bàbá mi, ó wù mí kí n máa gbé èèyàn délé wọn," ni ọmọ wí.

"Ta ni yóò bẹ́rí fún dírẹ́bà èrò?" ni bàbá dáhùn. "Ti ológun lo máa ṣe."

Mopélọlá kò jiyàn. Ó kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ ológun òfurufú àti sí ilé-ẹ̀kọ́ ọkọ̀ èrò, ó ṣe ìdánwò méjèèjì, ó sì ń retí. Lẹ́tà ti ológun ló kọ́kọ́ dé, pé kó wá fún àyẹ̀wò ara. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Gbádégẹṣin, tó máa ń bá ọmọ gba lẹ́tà, lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́, wọ́n sì fún un ní ti ilé-ẹ̀kọ́ ọkọ̀ èrò. Ó tú u wò: wọ́n ti gba ọmọ náà, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ fèsì kí oṣù tó parí. Gbádégẹṣin ká a, ó tì í bọ abẹ́ aṣọ nínú àpótí rẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Oṣù parí. Nígbà tí ọjọ́ àyẹ̀wò pé, òun fúnra rẹ̀ ló sin ọmọ lọ. Ó jókòó lábẹ́ igi lẹ́nu ọ̀nà bárékè, ó ń sọ fún àwọn òbí yòókù bí ọmọ òun yóò ṣe máa la òfurufú kọjá bí àṣá. Lọ́sàn-án, Mopélọlá jáde wá bá a.

"Wọn kò mú mi, Bàbá mi. Dókítà ní ojú mi kò ríran jìnnà tó bí wọ́n ṣe ń fẹ́ ẹ nínú iṣẹ́ ológun."

"Kí lo wí?"

"Ẹ má bọkàn jẹ́. Ó ní bí mo bá ti lo awò ojú, kò sí ohun tó lè dí mi lọ́wọ́ láti wa ọkọ̀ èrò. Lẹ́tà tiwọn ṣáà ń bọ̀ lọ́nà."

Àyà Gbádégẹṣin já. Ó rántí lẹ́tà tó wà lábẹ́ aṣọ. Láti ibẹ̀ títí dé Ìkìrun, ọmọ ló ń tu bàbá nínú, bàbá sì ń wo ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n gbá létí.

Bí wọ́n ṣe wọlé ló ṣí àpótí, ó gbé lẹ́tà lé ọmọ lọ́wọ́. Mopélọlá kà á tán, ó tún un kà. Ìyá rẹ̀ káwọ́ lérí: "Yéè! Bàbá Mopé, lẹ́tà ọmọ yín lẹ fi pamọ́?"

Ọmọ kò pariwo. Ó ní, "Bàbá mi, ojoojúmọ́ ni mo ń bi yín bóyá lẹ́tà dé. Ojoojúmọ́ lẹ sì ń sọ pé kò tíì dé."

Gbádégẹṣin, tí kì í tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, bú sẹ́kún lójú aya àti ọmọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó gba ilé-ẹ̀kọ́ náà lọ, ó jẹ́wọ́, ó bẹ̀bẹ̀ títí. Wọ́n ní àyè ti kún, kí ọmọ wá tún ìdánwò ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Ọdún kan gbáko ni Mopélọlá fi kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò. Ó tún ìdánwò ṣe, ó yege, ó sì ti ń fò báyìí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, kò rán bàbá rẹ̀ lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ rèé: òbí lè tọ́ka ọ̀nà han ọmọ, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fi irọ́ dí èyí tí ọmọ yàn. Ohun tó wu ọmọ jẹ kì í run ọmọ nínú.