Wòlíì Ò Pe Kíkẹ́lọmọ

Ìsọjí ti fẹ́ parí ní Òkè-Ìmẹ̀sí, wòlíì àlejò yìí ò sì tíì pe Kíkẹ́lọmọ.

Inú ń bí i, ó kọjá sísọ.

Òun akọ̀wé ìjọ, tó ti ń gbààwẹ̀ torí ọmọ látìgbà tó ti lọ́kọ, òun ni Ọlọ́run wá fò dá!

Wòlíì ti pe Ìyá Tóbi, ó ní ìtọ̀ ṣúgà ń dà á láàmú. Òótọ́ ni.

Ó pe Bàbá Fásanmí, ó ní ọmọ rẹ̀ kan wà lẹ́wọ̀n. Bàbá bú sẹ́kún.

Ìyá Tóbi fọwọ́ tọ́ Kíkẹ́lọmọ. "Fara balẹ̀, ọmọ mi. Tìrẹ ń bọ̀."

Kíkẹ́lọmọ kùn sínú: "Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀! Ṣé ẹsẹ̀ ló fi ń gun òkè Ẹ̀fọ̀n bọ̀ ni?"

Wòlíì tún dijú.

"Dorcas Àìná! Dìde, Olúwa fẹ́ wo ẹsẹ̀ rẹ sàn!"

Àwọn èèyàn ń wojú ara wọn.

Wọ́n ti sin Dorcas Àìná ṣáájú Kérésì.

Ara Kíkẹ́lọmọ bù máṣọ.

Òun ló tẹ orúkọ yẹn, tòun ti ẹsẹ̀ dídùn, sínú kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó máa ń tẹ ẹ̀bẹ̀ àdúrà gbogbo ìjọ sí.

Òun náà ló ta kọ̀ǹpútà ọ̀hún fún ọkùnrin tó ń ra irin àlòkù kiri, kò sì pa nǹkan kan rẹ́ nínú rẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ tirẹ̀ nìkan ni kò sí níbẹ̀.

Ìtìjú ò jẹ́ kó tẹ̀ ẹ́ sí i.