Àgbà Àjẹ́ Inú Géèmù

"Kà á sókè kí n gbọ́," ni ìyàwó onígéèmù wí. "Àbí èébú ni wọ́n ń bú ẹ?"

"Èébú kẹ̀! Wọ́n ń yìn mí ni."

Ó ti pẹ́ tí ọkọ rẹ̀ ti ń dá ṣe géèmù ogun kan, níbi tí àwọn jagunjagun ti ń bá iwin jà, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ gbé idà sókè títí yóò fi kàn án. Àárọ̀ ọjọ́ náà ló gbé e jáde, àwọn tó rà á sì ti ń kọ èrò wọn nípa rẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

"Wọ́n ní àgbà àjẹ́ ló dùn jù. Wọ́n ní ẹnu ẹ̀ mú ju idà lọ."

"Ṣebí ẹnu ìyá mi ni! Gbogbo ọ̀rọ̀ màmá mi lo kó sí àjẹ́ yẹn lẹ́nu! Tí wọ́n bá mọ̀ pé o ti sọ àwọn di àjẹ́, wọn ò ní tẹsẹ̀ bọ ilé yìí mọ́ láéláé."

"Rọra o, wọ́n wà ní yàrá." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹnì kan ṣoṣo ló bú u. Ó ní irọ́ ni àjẹ́ yẹn, pé irú ẹ̀ kì í dúró kó kàn án kó tó sọ̀rọ̀."

"Èmi ni mo kọ ọ́."

Ìyá ìyàwó ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, fóònù lọ́wọ́, awò ojú lórí imú. Onígéèmù dìde fìrì.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n…"

"Kí o kí ni? Jókòó, àna mi! Ta ló sọ fún ọ pé ó ti kàn ọ́?"