Gọ́tà Tó Dúró Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ògiri Alhaji

Ahun ni Alhaji Tàjùdíìnì, ojúkòkòrò sì tún wà nídìí ahun náà. Ní àdúgbò kan lẹ́yìn Ìgàndó, l'Ékòó, ó ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó ní òtẹ́ẹ̀lì, ó sì ní ilé ìkẹ́rùsí tí sìmẹ́ńtì kún dé àjà. Bí àwọn agbowó-orí bá dé, á ní ilé ẹbí ni gbogbo rẹ̀. Bí aládùúgbò bá tọrọ ìrànlọ́wọ́, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ìka ò dọ́gba."

Àdúgbò náà ń gbòòrò. Owó ilẹ̀ ń gòkè, owó ilé ń gòkè, gbogbo ẹnu ló sì ń sọ pé ìdàgbàsókè ti dé. Ó dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé Alhaji nìkan ló sọ̀ sí. Àwọn ayálégbé rẹ̀ ń febi sùn kí wọ́n tó rí owó ilé san fún un.

Omi òjò ló ń yọ wọ́n lẹ́nu. Láti títì ló ti ń ya wọ àdúgbò kó tó dé kànáàlì nísàlẹ̀. Àwọn onílé pe ìpàdé láti gbẹ́ gọ́tà, Alhaji sì ni alága. Ó kéde pé iye kan náà ni gbogbo onílé máa san, àti pé ẹni tí kò bá san, gọ́tà kò ní gba iwájú ilé rẹ̀.

Ìyá Kafilat, opó tó ní ilé oníyàrá méjì lẹ́bàá kànáàlì, dìde. "Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí kálukú san bí agbára rẹ̀ ṣe mọ."

"Màmá, ilé ni ilé ń jẹ́ jàre. Ṣé èmi ni mo sọ yín di tálákà ni?"

"Bí gọ́tà ò bá wá dé kànáàlì ńkọ́, ibo lomi máa gbà?"

"Ìyẹn kan ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nísàlẹ̀."

Inú bí àwọn èèyàn, ó sì tọ́ kó bí wọn. Ọkùnrin tó sọ pé ìka ò dọ́gba nígbà tí wọ́n tọrọ ìrànlọ́wọ́ ló wá ń gé gbogbo ìka dọ́gba nígbà tó kan owó sísan. Ìrẹ́jẹ gbáà ni.

Àwọn ará ìsàlẹ̀ ò rí owó náà san. Àwọn tó san gbẹ́ gọ́tà láti títì dé ògiri ilé ìkẹ́rùsí Alhaji, tó kẹ́yìn nínú ilé àwọn tó san, wọ́n sì dúró síbẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ó yáwó ní báńkì, ó fi ra sìmẹ́ńtì jọ sí i, ó ń retí kó wọ́n gógó kó tó tà á. Kò rántí pé ẹni tó bá ń gbẹ́ kòtò ìkà, kó má gbẹ́ ẹ jìn.

Òjò ńlá kan rọ̀ lóṣù keje. Omi tó máa ń fọ́n káàkiri tẹ́lẹ̀ kó sínú gọ́tà, ó ń sáré bọ̀. Nígbà tó dé ibi tí gọ́tà parí sí, kò rọ́nà lọ. Ó ti ògiri wó, ó sì wọlé. Alhaji ń ké pe àwọn ará ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n omi ni àwọn náà ń gbọ́n nínú yàrá wọn.

Nígbà tí omi fi máa fà, sìmẹ́ńtì ti di òkúta. Báńkì gba òtẹ́ẹ̀lì, ó gba pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ilé ìkẹ́rùsí yẹn nìkan ló kù, Alhaji sì ń sùn ní igun kan láàárín òkúta sìmẹ́ńtì.

Wọ́n tún pe ìpàdé láti gbẹ́ gọ́tà náà dé kànáàlì. Alhaji rọra dìde. "Ẹ jọ̀ọ́, kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ mi mọ́. Ẹ jẹ́ kí n san bí agbára mi ṣe mọ."

Ìyá Kafilat yíjú sí i. "Ohun tí mo sọ nìyẹn, Alhaji."

Ẹ̀yin ọlọ́rọ̀, ẹ gbọ́ o. Ẹni tó ní púpọ̀ ló yẹ kó san púpọ̀, torí ìlú ló sọ ọ́ di ọlọ́rọ̀. Kì í ṣe àánú, ẹ̀tọ́ ni. Olówó kan tó wà láàárín òtòṣì mẹ́fà, òun ló di òtòṣì keje. Ìdàgbàsókè tí ẹ bá ní kó dúró lẹ́nu ọ̀nà yín, ẹ̀yin ni yóò wó lé lórí.